Sáfà ń dáhùn ping, àmọ́ fódà ò ṣí láàárọ̀ Mọ́ńdè

Ìbéèrè yìí wá láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì àwọn oníṣirò owó kan n'Íbàdàn. Mo gé e kúrú díẹ̀:

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Sáfà kan ṣoṣo la ní, Windows Server 2019 ló wà lórí ẹ̀. Òun ni domain controller, òun náà ló ń tọ́jú fáìlì. Kọ̀ǹpútà mọ́kànlá ló so mọ́ ọn, Windows 10 àti 11. A máa ń pa gbogbo ẹ̀ ní Fúráìdè. Tó bá di àárọ̀ Mọ́ńdè, àwọn òṣìṣẹ́ á wọlé sórí kọ̀ǹpútà wọn, àmọ́ tí wọ́n bá tẹ fódà \\SAFA01\Akanti, 0x80070035 ni wọ́n máa rí. Àwọn kan máa ń rí i pé aago àwọn àti ti sáfà ò dọ́gba. Ẹnìkan tàbí méjì ò tiẹ̀ ní lè wọlé rárá, trust relationship ló máa ń kọ fún wọn. Ping ń lọ dáadáa. Tí mo bá fi nọ́ńbà IP sáfà ṣí fódà náà, ó máa ń ṣí. Kọ̀ǹpútà méjì kan wà tí kò ṣe irú ẹ̀ rí. Tó bá fi máa di ọ̀sán, púpọ̀ nínú wọn á ti dára padà fúnra wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti yọ gbogbo wọn kúrò ní domain tí mo sì tún dá wọn padà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kúkú fọ́máàtì sáfà. Ẹ gbà mí o.”

Àbúrò mi, ìwọ náà kú wàhálà. Jọ̀ọ́, má fọ́máàtì nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ rẹ ò gbèrò ibi sí ọ, àmọ́ sáfà tó jẹ́ òun nìkan ni domain controller yín, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń mọ ẹni tó lè wọlé sórí àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, tí o bá nù ún, gbogbo orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù àwọn òṣìṣẹ́ ló bá a lọ, kọ̀ǹpútà mọ́kànlá yẹn á wá di ọmọ òrukàn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ti pé ò ń yọ wọ́n kúrò ní domain tí o tún ń dá wọn padà yẹn náà, fi í sílẹ̀ ná. O ti ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, Mọ́ńdè sì ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Nǹkan mẹ́ta ni mo dì mú nínú ọ̀rọ̀ rẹ, wọ́n sì ṣe pàtàkì lójú mi ju kóòdù tó ń jáde lójú kọ̀ǹpútà lọ. Àkọ́kọ́, ọjọ́ Mọ́ńdè nìkan ni. Èkejì, nọ́ńbà ń ṣí i, orúkọ ò ṣí i. Ẹ̀kẹta, kọ̀ǹpútà méjì kan wà tí ọ̀rọ̀ náà kì í kàn. Ẹni tó bá rí àlàyé kan tó bá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìdí ọ̀rọ̀.

Ká kọ́kọ́ mú ohun tó ń tan àwọn ọ̀gá yín jẹ kúrò lọ́nà. Mo mọ̀ pé wọ́n á ti máa bi ọ́ pé, “Ṣebí mo wọlé, kí ló wá dé tí fáìlì ò ṣí?” Pé èèyàn wọlé kì í ṣe ẹ̀rí pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá sáfà sọ̀rọ̀. Windows máa ń tọ́jú ẹ̀dà ìwọlé àwọn ẹni mẹ́wàá tó lo kọ̀ǹpútà kan kẹ́yìn. Tí kò bá rí domain controller láàárọ̀, ẹ̀dà yẹn ló máa fi ṣílẹ̀kùn fún ọ, kò sì ní sọ fún ọ pé òun ò rí ẹnikẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Tí o bá fẹ́ mọ òótọ́, ṣí Command Prompt kí o tẹ èyí, fi orúkọ domain yín rọ́pò tèmi:

nltest /dsgetdc:ofiisi.local

Tó bá dárúkọ SAFA01 fún ọ pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, ó rí i. Tó bá ní 1355, kò rí domain kankan, ẹ̀dà àtijọ́ ni òṣìṣẹ́ yẹn fi wọlé.

Ping náà, má gbọ́kàn lé e jù. Ohun kan ṣoṣo ni ping ń béèrè: ṣé ẹnì kan wà nílé? Kì í kan ilẹ̀kùn kankan. Sáfà sì rèé, ilẹ̀kùn tí wọ́n ń pè ní port ló kún inú ẹ̀. Ilẹ̀kùn 445 ni fáìlì ń gbà, 53 ni ti ìbéèrè orúkọ, 88 ni ti Kerberos tó ń fúnni ní tíkẹ́ẹ̀tì, 389 ni ti LDAP tí wọ́n fi ń wo àkọsílẹ̀ orúkọ inú domain. Ẹnì kan lè máa dá ọ lóhùn láti inú yàrá, kó má sì dìde wá ṣílẹ̀kùn fún ọ. Àṣẹ tó ń kan ilẹ̀kùn ní tòótọ́ nìyí, inú PowerShell ni wàá ti tẹ̀ ẹ́, fi nọ́ńbà sáfà yín rọ́pò tèmi:

Test-NetConnection 192.168.10.5 -Port 445

Ìlà tó gbẹ̀yìn, TcpTestSucceeded, ni kí o wò. Nínú ọ̀ràn tìrẹ, mo ti mọ ohun tó máa sọ, True ni, torí pé nọ́ńbà ń ṣí fódà fún ọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní kí o lọ pa firewall, ẹ̀ṣọ́ tó ń ti ilẹ̀kùn, má dá a lóhùn. Ilẹ̀kùn yín ò tì. Orúkọ ni ọ̀rọ̀ yín, lẹ́yìn náà aago.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ. Lórí ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ṣàìsàn, láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí ẹnikẹ́ni tó tún un tàn, tẹ ipconfig /all. Ìlà méjì ni kí o wá: DHCP Server àti DNS Servers. DHCP Server ni ẹni tó fún kọ̀ǹpútà yẹn ní nọ́ńbà láàárọ̀ yẹn. DNS Servers ni ẹni tí yóò máa bi ní orúkọ. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ nọ́ńbà sáfà yín. Tí o bá rí nọ́ńbà ráútà íntánẹ́ẹ̀tì yín níbẹ̀, tàbí 8.8.8.8 tó jẹ́ DNS ti Google, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ráútà tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbé fún yín ń pín nọ́ńbà, sáfà yín náà ń pín nọ́ńbà. Láàárín ọ̀sẹ̀, sáfà ló sábà máa ń borí. Ṣùgbọ́n ní Mọ́ńdè, ẹ tan gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà. Ráútà kì í pẹ́ tó fi ń jí. Sáfà ń kọ́kọ́ yẹ mẹ́mórì ara rẹ̀ wò, ó ń dúró de díìsìkì, Active Directory, ibi tí àkọsílẹ̀ orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù wà, ń dúró de DNS, DNS náà sì ń dúró de Active Directory torí pé sáfà kan ṣoṣo lẹ ní. Tí o bá wo Event Viewer lórí sáfà lẹ́yìn tó bá jí, ó ṣeé ṣe kí o bá ìkìlọ̀ 4013 níbẹ̀, DNS ló ń sọ pé òun ṣì ń retí. Nígbà tí àwọn méjì yìí ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ ti jí, wọ́n ti kígbe pé ta ló máa fún àwọn ní nọ́ńbà, ráútà sì ti dá wọn lóhùn. Ráútà fún wọn ní nọ́ńbà, ó tún sọ fún wọn pé tí ẹ bá ń wá ẹnikẹ́ni, èmi ni kí ẹ bi. Wọ́n wá bi í pé níbo ni SAFA01 wà. Ráútà ò gbọ́ orúkọ yẹn rí láyé ẹ̀.

Ìyẹn ló fi jẹ́ pé Mọ́ńdè ni. Òun náà ló fi jẹ́ pé nọ́ńbà ń ṣí i, torí pé ẹni tó mú nọ́ńbà dání ò nílò láti bi ẹnikẹ́ni. Ti kọ̀ǹpútà méjì tí kì í ṣàìsàn yẹn ńkọ́? Lọ wò wọ́n. Mo lè fi owó oúnjẹ ọ̀sán mi ta tẹ́tẹ́ pé ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ ló fọwọ́ tẹ nọ́ńbà àti DNS wọn sínú ẹ̀, tí wọn kì í bi ẹnikẹ́ni láàárọ̀. Àwọn tó ń dára padà lọ́sàn-án sì jẹ́ àwọn tí ẹnìkan ti tún tàn lẹ́yìn tí sáfà ti jí tán.

Ohun kan máa ń da èèyàn rú níbí, jẹ́ kí n sọ ọ́. Nígbà míì wàá rí i pé kọ̀ǹpútà tí DNS rẹ̀ ò dára ṣì ń rí SAFA01 bákan ṣáá. Ìdí ni pé tí DNS bá kùnà, Windows á kígbe orúkọ kúkúrú náà káàkiri orí wáyà, bóyá ẹni tó ń jẹ́ ẹ á dáhùn. Ó ń ṣiṣẹ́ lónìí, kò ṣiṣẹ́ lọ́la. Má fi ṣe ẹ̀rí. Orúkọ gígùn ni kí o fi dán an wò:

nslookup safa01.ofiisi.local

Wo ẹni tó dá ọ lóhùn lórí ìlà àkọ́kọ́, kí o tó wo ìdáhùn rẹ̀. Nslookup kì í kígbe, DNS tààrà ló ń bi, kò lè tàn ọ́.

Títún un ṣe ò gba wákàtí kan. Wọ inú ráútà, pa DHCP rẹ̀, kó jẹ́ sáfà nìkan ni yóò máa pín nọ́ńbà. Nínú DHCP sáfà, rí i dájú pé nọ́ńbà sáfà nìkan ló wà ní ipò DNS. Àwọn èèyàn máa ń fi 8.8.8.8 sí ipò kejì, wọ́n á ní kí íntánẹ́ẹ̀tì má baà dá dúró tí sáfà bá kú. Àṣìṣe tó ti jẹ mí lóorun rí nìyẹn. DNS kejì kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bi nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ ò bá mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá pẹ́ láti dáhùn ni wọ́n ń lọ bá a, ìdáhùn rẹ̀ ni wọ́n sì máa gbà. Tí Google bá ti ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ safa01.ofiisi.local láyé yìí, kọ̀ǹpútà á gbà á gbọ́, kò ní padà lọ bi sáfà mọ́. Ibi tí 8.8.8.8 yẹ kó wà ni Forwarders nínú DNS sáfà fúnra rẹ̀, ìyẹn àwọn tí sáfà máa ń bi tí òun náà ò bá mọ orúkọ kan. Lórí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì sáfà, nọ́ńbà ara rẹ̀ ni kí o fi síbẹ̀.

Tí ráútà yín bá ń pín IPv6, wo inú ipconfig /all dáadáa, DNS kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fe80 lè wà níbẹ̀ tí ìwọ ò fi síbẹ̀. Inú ráútà ni kí o ti pa á. Má lọ yọ IPv6 kúrò lórí sáfà, Microsoft fúnra wọn ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

O lè pa DHCP ráútà tán kí ìṣòro ṣì kù, torí pé ó lè má jẹ́ ráútà tí o mọ̀ ni. Ní ibì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá irú ẹ̀. Ìlà DHCP Server ń sọ 192.168.0.1, kò sì sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ìwé mi. Mo tẹ arp -a, mo rí àmì ìdánimọ̀ ẹ̀rọ náà, mo wá ń yọ wáyà kúrò lára switch lọ́kọ̀ọ̀kan, ping ń sáré lójú kọ̀ǹpútà mi, mo ń retí ìgbà tó máa dákẹ́. Wáyà kẹrìnlá ni. Mo tọ wáyà yẹn lọ, ó gba ẹ̀yìn káńbọ́ọ̀dù, ó jáde sábẹ́ tábìlì màmá kan ní ẹ̀ka owó. Ráútà kékeré kan wà níbẹ̀, ẹ̀yìn àpò ìrẹsì ni wọ́n fi pa mọ́ sí. Ọmọ màmá náà ló bá wọn so ó kí wọ́n lè máa lo wáyálẹ́ẹ̀sì lórí fóònù. Màmá ní, “Ṣé èyí kékeré yìí náà ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ma.

Ó yá, aago. Èyí ló ń ṣe àwọn tó ń rí i pé aago ò dọ́gba, ó sì lè wà lára ohun tó ń ṣe àwọn tó ń rí trust relationship.

Láti ìgbà Windows 2000 ni Kerberos ti jẹ́ ẹni tó ń fún àwọn ará domain ní tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ẹnikẹ́ni má baà jí tíkẹ́ẹ̀tì àná lò lónìí, ó máa ń tẹ àkókò mọ́ ọn. Tí aago kọ̀ǹpútà àti ti sáfà bá fi ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ jìnnà síra, kò ní gba tíkẹ́ẹ̀tì yẹn. Fífi nọ́ńbà ṣí fódà kì í sì í gba ọwọ́ Kerberos, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní NTLM ló ń gbà, ìyẹn kì í sì í le tó bẹ́ẹ̀ lórí aago. Ṣé o rí i? Pé nọ́ńbà ṣí i tí orúkọ ò ṣí i lè jẹ́ ọ̀ràn DNS, ó sì lè jẹ́ ọ̀ràn aago. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o kọ́kọ́ fi nslookup yanjú ti orúkọ, kí àwọn méjèèjì má baà dàpọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Báwo ni aago sáfà ṣe ń bàjẹ́ ní Mọ́ńdè nìkan? Bátìrì ni. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà lórí bọ́ọ̀dù inú sáfà, ó rí bí owó ẹyọ, CR2032 ni orúkọ rẹ̀. Òun ló ń bá sáfà ka aago nígbà tí iná ò bá sí lára rẹ̀. Sáfà tokunbo ni ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń rà, bátìrì tó bá a wá láti òkè òkun ló ṣì wà nínú ẹ̀. Níbi tí iná kì í ti kú, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ó ti kú. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ń yọ pulọ́ọ̀gì ní Fúráìdè, sáfà á jí ní Mọ́ńdè pẹ̀lú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún kan tó ti kọjá tipẹ́.

Wàá ní, ṣebí ó ń mú aago láti íntánẹ́ẹ̀tì? Ibí yìí ló ti ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Domain controller kì í gba àtúnṣe aago tó bá ju wákàtí 48 lọ, síwájú tàbí sẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe ṣe é látilẹ̀ nìyẹn, kí ẹni kan má baà fi aago èké ba gbogbo domain jẹ́. Nítorí náà, tí aago sáfà bá ti padà sẹ́yìn ní ọdún mẹ́rin, íntánẹ́ẹ̀tì lè máa sọ àkókò tó péye fún un láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní gbọ́. Ọwọ́ èèyàn ló máa tún un ṣe. Àwọn kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ kì í sì í ní irú ìfura bẹ́ẹ̀. Ohun tí sáfà bá sọ ni wọ́n ń gbà. Tó bá yá, àwọn náà á tẹ̀ lé e padà sí ọdún yẹn, aago gbogbo wọn á bára mu, fódà á ṣí, ìwọ á ní wọ́n ti dára. Wọn ò dára o, wọ́n jọ ṣìnà ni. Bi àwọn òṣìṣẹ́ léèrè: ṣé ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìkànnì báńkì kì í ṣí fún wọn, tí browser á máa sọ pé ìkànnì náà ò ní ààbò? Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹjọ́ ti parí, aago ni.

Láti orí kọ̀ǹpútà kan, èyí á fi ìyàtọ̀ hàn ọ́:

w32tm /stripchart /computer:192.168.10.5 /samples:3 /dataonly

Ìlà mẹ́ta ló máa jáde, wákàtí lápá òsì, ìyàtọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá lápá ọ̀tún. Tó bá jẹ́ +00.04 tàbí irú ẹ̀, kò sí wàhálà. Tó bá ti kọjá 300, ìṣẹ́jú márùn-ún ti pé nìyẹn. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà tí o ò lè kà tán lẹ́ẹ̀kan, lọ ra bátìrì.

Má gbàgbé time zone. Pacific Time ni Windows máa ń gbé wá láti ilé, èyí tó jẹ́ ti California. Ẹni tó tò ó á rí i pé aago ò bá ti ògiri mu, á wá fọwọ́ yí wákàtí dípò kó yí zone. Ní ojú, aago pé. Ní ti Kerberos, tó jẹ́ pé UTC ló ń kà, wákàtí mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ló fi ṣìnà. Tiwa ni West Central Africa, UTC+01:00. Yí zone kọ́kọ́, kí o tó fọwọ́ kan wákàtí.

Lẹ́yìn tí o bá ti pààrọ̀ bátìrì, tí o ti fọwọ́ tún ọjọ́ àti wákàtí sáfà ṣe, fi ẹni tó ń sọ òtítọ́ hàn án:

w32tm /config /manualpeerlist:"africa.pool.ntp.org,0x8" /syncfromflags:manual /reliable:yes /update
net stop w32time
net start w32time
w32tm /resync

Lórí sáfà nìkan ni o. Má ṣe é lórí àwọn kọ̀ǹpútà, sáfà ló yẹ kí wọ́n máa gbọ́ràn sí lẹ́nu. Tó bá jẹ́ pé inú Hyper-V (ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ kan gbé sáfà mìíràn sínú ara rẹ̀) ni sáfà yín wà, aago ẹ̀rọ tó gbé e ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe, torí ẹ̀rọ yẹn lè máa ti aago tirẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ní ti trust relationship: gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà ní domain ló ní pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀ pẹ̀lú sáfà, ó sì ń yí i ní ọjọ́ 30 sí ọjọ́ 30. Àwọn kan máa ń sọ pé kọ̀ǹpútà tó bá pẹ́ nílé, ọjọ́ 30 á kọjá, trust á já. Irọ́ ni. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ ìyípadà náà, tí kò bá tíì yí i, sáfà náà ò ní yí tirẹ̀. Ohun tó ń já a ni kí ẹnìkan dá kọ̀ǹpútà tàbí sáfà padà sí ẹ̀dà àtijọ́, tàbí kí kọ̀ǹpútà méjì máa jẹ́ orúkọ kan náà, kí ọ̀kan yí pásíwọ́ọ̀dù, kí èkejì di àjèjì. Yẹ orúkọ àwọn méjì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ wò, pàápàá tó bá jẹ́ pé láti orí ẹ̀rọ kan ni wọ́n ti da Windows kọ sínú wọn. Tí o bá ti rí i pé orúkọ wọn yàtọ̀, tí aago àti DNS sì ti tọ́, fi administrator orí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ wọlé, kí o tẹ̀ èyí nínú PowerShell:

Test-ComputerSecureChannel -Repair -Credential OFIISI\Administrator

Tó bá dá True padà, ó parí. Kò sí pé ò ń yọ kọ̀ǹpútà kúrò ní domain, kò sì sí pé desktop òṣìṣẹ́ ń sọnù tí wọ́n á fi máa bá ọ jà.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti mẹ́nu ba Windows tí wọ́n dà kọ láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn: láti inú àwọn àtúnṣe tó jáde ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ 2025 sókè ni Windows 11 24H2 àti 25H2, àti Server 2025, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti gba ẹ̀rọ tí SID wọn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí Windows ń fún ẹ̀rọ, bá jọra. Ẹni tó da díìsìkì kan kọ sórí kọ̀ǹpútà mẹ́wàá láì lo Sysprep, irinṣẹ́ Microsoft tó ń jẹ́ kí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní SID tirẹ̀, á ṣàdédé rí i pé àwọn kọ̀ǹpútà yẹn ò gba pásíwọ́ọ̀dù ara wọn mọ́, pàápàá tí ọ̀kan bá ń pín printer fún àwọn yòókù. Get-LocalUser | Select Name,SID ni kí o tẹ̀ lórí méjì nínú wọn kí o fi wọ́n wéra. Tí gbogbo nọ́ńbà tó ṣáájú èyí tó gbẹ̀yìn bá jọra, ibeji ni wọ́n, ẹ ní iṣẹ́ láti ṣe.

Ohun tó kù, mi ò rò pé ó kàn ọ́ báyìí, àmọ́ o máa bá a pàdé lọ́jọ́ kan. Tí nọ́ńbà náà bá kọ̀ láti ṣí fódà, tí Test-NetConnection ní False, ìgbà yẹn ni kí o wá wo firewall. Tẹ Get-NetConnectionProfile lórí sáfà. DomainAuthenticated ló yẹ kó kọ. Tó bá kọ Public, sáfà jí kó tó mọ ibi tó wà, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí bí ẹni tó wà ní ibùdókọ̀. Restart-NetAdapter * á jí i sí òtítọ́. Server 2025 ní irú àìsàn yìí gan-an lórí domain controller, Microsoft gbà bẹ́ẹ̀ lóṣù kẹrin 2025, wọ́n sì ti ṣe àtúnṣe fún un, nítorí náà ẹni tó bá ń lò ó, kó gba àwọn àtúnṣe rẹ̀. Tí o bá rí 1722, tó ní RPC server is unavailable, orúkọ ló sábà máa ń jẹ́, àfi tí ẹnìkan bá ti ilẹ̀kùn 135 tàbí àwọn tó wà láàárín 49152 sí 65535. Tí Windows 11 tuntun ò bá rí ẹ̀rọ ìtọ́jú fáìlì àtijọ́ kan tí àwọn yòókù ń rí, ó sábà máa ń jẹ́ pé SMB1, ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń pín fáìlì, ni ẹ̀rọ náà ń sọ, tàbí ó ń gba àlejò wọlé láìsí pásíwọ́ọ̀dù. Ẹ wá pásíwọ́ọ̀dù fún un tàbí kí ẹ ra òmíràn. Má tan SMB1 padà. Ọ̀nà yẹn ni WannaCry, kòkòrò tó ń ti fáìlì èèyàn pa kó tó béèrè owó, gbà wọlé ní oṣù karùn-ún 2017.

Fún Mọ́ńdè tó ń bọ̀, mo fẹ́ kí o dé ọ́fíìsì ṣáájú gbogbo èèyàn. Tan sáfà nìkan. Kí ráútà àti kọ̀ǹpútà kankan tó jí, wo ọjọ́ àti wákàtí tó wà lójú rẹ̀, kí o fi fóònù yà á. Lẹ́yìn náà tan ráútà àti kọ̀ǹpútà kan, tẹ ipconfig /all, ya ìyẹn náà. Má tún nǹkan kan ṣe ná. Fi fọ́tò méjèèjì ránṣẹ́ sí mi, kí o tó lọ ra bátìrì.